Gáàsì Tí Ìyá Oníkéèkì Ní Wọ́n Jí

Bí ẹ bá dé Ìbà Housing Estate tí ẹ ní Sàmíát lẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé Sàmíát wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Oníkéèkì, ẹni tí ẹ bi á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sì mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin náà mọ iṣẹ́. Kéèkì ìgbéyàwó, kéèkì ìkómọjáde, kéèkì ẹni tó fẹ̀yìn tì, gbogbo rẹ̀ ló ń yan, á sì fi áísìn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ débi pé àtigé e á máa ṣe èèyàn láàánú. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó ti lé ní ogójì ọdún. Abdulazeez ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù, ìyẹn kì í sì í gbélé. Ẹ̀bùn kan tún wà tí Sàmíát gbà pé Ọlọ́run fún òun yàtọ̀ sí kéèkì yíyan: ó ní ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ òun jẹ. "Èmi kẹ̀? Wọn ò tíì bí i!" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì fọwọ́ sọ̀yà. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kì í bá a jiyàn, torí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé kéèkì lọ.

Ooru ni ọ̀tá kéèkì. Áísìn tó dúró dáadáa nínú yàrá tútù, bí oòrùn Èkó bá fojú kàn án, ọbẹ̀ ni yóò dà. Ìdí nìyí tí Sàmíát fi ra mọ́tò Siẹ́nà tòkunbọ̀ kan tí AC rẹ̀ ń tutù bíi fíríìjì. Ẹni tó tà á fún un kìlọ̀ fún un pé gáàsì òyìnbó ló wà nínú AC náà, èyí tó bá mọ́tò wọ ọkọ̀ ojú omi, kó má jẹ́ kí àwọn tó ń tún AC ṣe lójú títì fà á lọ. Ẹ ò ní ṣàìmọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ohun tó bá ti òkè òkun bọ̀ kì í tán. Bó bá tán, a jẹ́ pé wọ́n jí i ni. Wọ́n ní àwọn kan a máa fa gáàsì tòkunbọ̀ pamọ́ sínú sílíńdà tiwọn, wọ́n á wá rọ atẹ́gùn lásán sí i fún ọlọ́kọ̀. Ta ló rí wọn? Kò sẹ́ni tó rí wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ẹni tó mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀sẹ̀ tí mọ́tò náà délé ni Sàmíát ṣe bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ SÀMÍÁT KÉÈKÌ, ÌBÀ sí gàdàgbà pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Iwájú mọ́tò gan-an ló fẹ́ kó wà, kí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè lè kà á. Ó lọ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá ihò lọ́wọ́ kápẹ́ńtà. Kápẹ́ńtà ní kí òun bá a ṣe é, Sàmíát ní kí ló wà níbẹ̀ tí ọwọ́ òun ò ká. Ó dá ihò náà fúnra rẹ̀, ó sì fi ìṣó oníyíyí, èyí tí à ń pè ní síkúrù, dè é mọ́ iwájú mọ́tò pinpin. Ó fà sẹ́yìn, ó wo orúkọ ara rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, inú rẹ̀ dùn.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni AC bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn tí kò tutù. Sàmíát gbé mọ́tò lọ bá Muheez, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún AC mọ́tò ṣe lábẹ́ igi fúrúùtù tó kọjú sí géètì ẹ́sítéètì. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Muheez, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ògúndáre tó ń lẹ táyà wà lápá kan rẹ̀, Ìyá Dámilárá tó ń ta búrẹ́dì sì tẹ́ àtẹ sápá kejì. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kéèkì alájà mẹ́ta wà lẹ́yìn mọ́tò. Navy Town ni Sàmíát ń gbé e lọ, ìyàwó ọ̀gá kan níbẹ̀ ló ń ṣe ọjọ́ ìbí. Muheez so géèjì mọ́ páìpù AC, ó wo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì mi orí.

"Àǹtí, gáàsì yín ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó dà bíi pé ó ń jò níbì kan. Ẹ jẹ́ kí n tú iwájú, kí n ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀."

"Àyè dà? Ṣé o ò rí kéèkì lẹ́yìn ni? Sáà kún un fún mi."

"Mo lè kún un o, àmọ́ kò ní pẹ́ tó fi máa tún lọ."

"Muheez, kún un, jọ̀ọ́! Mo ti lẹ́ìtì."

Ó kún un. AC náà tutù títí mọ́tò fi kọjá Ìyánà-Ìbà. Sàmíát kò tíì dé Navy Town tí AC fi ń fẹ́ ooru bí ẹnu ààrò, ọ̀nà sì dí. Àjà òkè kéèkì yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òdòdó áísìn ṣàn bo orúkọ ọlọ́jọ́ ìbí mọ́lẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá kò bú u. Ó kàn pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó, wọ́n fi fóònù yà á, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí. Sàmíát tí ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ jẹ dúró láàrin wọn bí ọmọ tó tọ̀ sára. Láti ibẹ̀ títí dé Ìbà ló fi ń wá ẹni tí yóò bá a ru ẹ̀tẹ́ náà, nígbà tó sì fi máa wọ ilé, ó ti rí ẹni náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló já lu Muheez lábẹ́ igi fúrúùtù. Kò kí ẹnì kankan.

"Muheez, níbo lo gbé gáàsì mi sí?"

"Gáàsì wo, Àǹtí?"

"Gáàsì òyìnbó tó bá mọ́tò mi wọ̀lú! O fà á, o wá rọ atẹ́gùn sí i fún mi. O rò pé torí mo jẹ́ obìnrin, mi ò lè mọ̀?"

"Àǹtí, ẹ̀yin náà gbọ́ nígbà tí mo ní ó ń jò. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n wò ó, ẹ ní ẹ ti lẹ́ìtì."

"Mo lẹ́ìtì, ìyẹn lo ṣe jà mí lólè? Olè ni ẹ́! Ẹ gbà mí o, ọmọ yìí ti jí gáàsì mọ́tò mi!"

Ẹ mọ ojú títì wa. Kí a tó pajú pẹ́, èrò ti pé. Àwọn tó ń lọ sí LASU dúró, àwọn tó ń bọ̀ láti Okokomaiko dúró. Ògúndáre fi táyà tó ń lẹ̀ sílẹ̀, ó ń bẹ Sàmíát. Sàmíát ní bí kò bá jalè, kó búra. Muheez bu omi nínú kẹ́tùrù rẹ̀, ó ṣe àlùwàlá níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó mú Kùránì rẹ̀ jáde nínú báàgì irinṣẹ́, ó sì gbé e lé àyà.

"Bó bá jẹ́ pé mo fa gáàsì Àǹtí yìí," ló wí, "kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi yè."

Ògúndáre ní, "Ìyá Oníkéèkì, ó tó. Ọmọ yìí ti búra."

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Sàmíát pàápàá mọ̀ ọ́n lára. Nǹkan kan nínú rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó rí ojú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó gbójú wo èrò, ó rí i pé bí òun bá dákẹ́ báyìí, òun ni wọn yóò máa wò bí wọ́n ṣe wo òun ní Navy Town. Ó ṣí ẹnu.

"Olè wo ni kì í búra? Èyí tó mọ Kùránì lórí nínú wọn ló burú jù!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láàrin èrò. Ẹ̀rín ẹyọ kan yẹn ló ba Muheez jẹ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọlọ́kọ̀ kan bá yà sọ́dọ̀ Muheez, ẹlòmíràn á fà á sẹ́yìn, á sọ̀rọ̀ sí i létí, ọlọ́kọ̀ náà á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ìdí igi fúrúùtù ṣófo. Ohun tí àwọn èèyàn wá ń sọ ni pé, "Ṣé ẹ rí i? Ó fi Kùránì búra èké, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì kú." Sàmíát gbọ́ ọ, ó ní Ọlọ́run ò kúkú sùn.

Ó wá kù kí AC máa tutù. Sàmíát ní òun ò tún gbé mọ́tò fún olè kankan mọ́. Ó wo fídíò lórí fóònù, ó lọ sí Alábà, ó ra agolo gáàsì pẹ̀lú rọ́bà kékeré tó ní géèjì lórí, ó sì sọ ara rẹ̀ di oní-AC ní iwájú ilé rẹ̀. Ẹ má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Páìpù méjì ló wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gbóná àti èyí tó sanra díẹ̀ tó máa ń tutù. Èyí tó ń tutù ló ń fún ní gáàsì mu. Á tan mọ́tò, á yí AC dé òpin, á ti ẹnu rọ́bà mọ́ páìpù títí yóò fi dún kó. Á ṣí agolo, á máa mì í díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń po áísìn. Agolo á tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ìrì á bò ó, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára géèjì títí abẹ́rẹ́ yóò fi wọ ibi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé.

"Ẹnjiníà!" ni Màmá Joshua, aládùúgbò rẹ̀ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, máa ń kí i láti orí bákónì. "Obìnrin bí ọkùnrin!"

"Mo ti já ara mi gbà lọ́wọ́ olè, màmá," ni Sàmíát á dáhùn.

Á sì tún ìtàn náà sọ. Bó bá ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbòòrò sí i. Níbẹ̀rẹ̀, gáàsì nìkan ni Muheez jí. Nígbà tó yá, ó ní òun fojú ara òun rí Muheez níbi tó ti ń fà á. Ní ìgbẹ̀yìn, Muheez ti ń jẹ́wọ́ kó tó búra. Gáàsì tí òun fúnra rẹ̀ ń rọ sí i, kì í pẹ́ lọ títí. Kéèkì kan tàbí méjì, AC á tún di ààrò. Ó ní fèkì ni wọ́n ń tà fún òun ní Alábà. Kò sí ọjọ́ kan tó bi ara rẹ̀ pé, èyí wàyí, ta ló ń jí i?

Àfi bó ṣe di Sátidé kan. Kéèkì ẹni tó fẹ̀yìn tì ló fẹ́ gbé lọ sí Ọ̀jọ́. Ó ti rọ gáàsì, mọ́tò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, AC ti ń tutù. Eruku bo bọ́ọ̀dù iwájú mọ́tò, kò sì dára kí oníkéèkì rí dọ̀tí. Ó gbé omi ọṣẹ tó fi fọ àwọn abọ́ áísìn, ó dà á lé bọ́ọ̀dù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànkàn nu orúkọ ara rẹ̀. Ó rí i pé ìfófòó kan ń hó lẹ́yìn bọ́ọ̀dù náà. Ó nù ún kúrò, òmíràn yọ. Ó ń wú, ó ń bẹ́, ó ń wú, ó ń bẹ́, lójú kan náà, lẹ́yìn síkúrù apá ọ̀tún. Sàmíát pa mọ́tò. Ó tẹ etí sílẹ̀, ó sì gbọ́ ọ tó ń mí tínrín, ṣìì.

Ó mú ohun tí wọ́n fi ń tú síkúrù, ó yí i. Síkúrù náà gùn ju bó ṣe rántí lọ, òróró sì wà ní ṣónṣó rẹ̀. Bó ṣe yọ ọ́ tán ni gáàsì tú jáde bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò dí i, òtútù rẹ̀ jó o, ó fa ọwọ́ padà. Ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó ní ó ká gbogbo nǹkan, ló fi lu kọ́ńdẹ́ńsà, àwo onípáìpù wẹ́wẹ́ tó wà níwájú mọ́tò tí gáàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ dè. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ni AC kò tutù mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó dé ọ̀dọ̀ Muheez. "Ẹ jẹ́ kí n tú iwájú," lọmọ náà wí.

Kí lẹ rò pé Sàmíát ṣe? Ó dá síkúrù náà padà. Kíá ló yí i wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bóyá ẹnì kan rí òun. Gáàsì ti lọ tán, kò sí ohun tí síkúrù náà tún ń dí mọ́, síbẹ̀ ó yí i títí ọwọ́ fi ń ro ó.

"Ẹnjiníà wa!" ni ohùn Màmá Joshua ké láti òkè. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ẹ ṣeun, mà," ló dáhùn. Ó fi ẹ̀yìn ti bọ́ọ̀dù náà títí obìnrin náà fi wọlé.

Ojú tì í débi pé kò lè wo dígí. Ó gbé kéèkì lọ sí Ọ̀jọ́ pẹ̀lú yìnyín nínú agbada, ó ṣí gbogbo fèrèsé mọ́tò, kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á. Bó bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ìbúra Muheez ni yóò gbọ́, kì í ṣe àdúrà tirẹ̀. Ọmọ náà fi òótọ́ búra, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì kú. Ọlọ́run kọ́ ló pa á. Ẹnu òun ló pa á, wọ́n wá ń fi ọ̀rọ̀ náà yin Ọlọ́run. Ó ń fi áísìn kọ orúkọ ẹni tó ni kéèkì, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Abdulazeez bi í ohun tó ń ṣe é, ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ bá Ògúndáre pé níbo ni Muheez wà. Ògúndáre nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Ìjànikin, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù. Kí ló dé? Ṣé ó tún kó nǹkan yín ni?"

"Rárá o," ni Sàmíát wí. Ọ̀rọ̀ tó kù wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì wọ mọ́tò.

Ní Ìjànikin, obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ló bá lójúlé náà, tó ń bó ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe gàrí. Nàfísàt ni, ìyàwó Muheez. Kò mọ Sàmíát rí. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga, ó gbé omi tútù wá.

"Ẹ mà pẹ̀lẹ́, mà, oòrùn yìí pọ̀. Dádì Àdìó, ọkọ mi, ò ní pẹ́ dé. Ṣé mọ́tò lẹ ní kó bá yín ṣe ni? Kì í ṣe AC mọ́ o."

"Kí ló dé tí kì í ṣe é mọ́?" Sàmíát mọ̀ pé kò yẹ kí òun bèèrè.

Nàfísàt ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. "Obìnrin kan ló pè é lólè níbẹ̀ yẹn, ní Ìbà. Ó búra fún un, mà, ó fi Kùránì búra. Obìnrin náà ní olè ló ń búra. Nígbà tí a dé ibí, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ti ń rí oníbàárà díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kan láti Ìbà bá rí i, ó ní, 'Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣọ́ mọ́tò yín lọ́dọ̀ ọmọ yìí o.' Láti ìgbà náà, kò gbé géèjì jáde mọ́. Búlọ́ọ̀kù ló ń gé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà á, mà, ṣùgbọ́n kò ní sọ." Ó gbójú sókè. "Ẹ mu omi yín."

Sàmíát gbé ife dání. Kí ilẹ̀ lanu ló ń tọrọ, ilẹ̀ Ìjànikin kò sì lanu fún un.

Ibẹ̀ ni Muheez ti wọlé, sìmẹ́ńtì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí i, ó dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ife omi, gbogbo rẹ̀ yé e. Bó bá ní kí ìyàwó rẹ̀ da omi náà lé e lórí, kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó tẹrí ba.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí." Ó yíjú sí Nàfísàt. "Oníbàárà mi ni, láti Ìbà."

Ó bò ó láṣìírí. Sàmíát gbọ́ ọ, ojú tì í ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó rí ọ̀nà tí wọ́n là fún un láti jáde, ó rí i kedere. Ó gbé ife sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé méjì tí òun lè bí.

"Èmi ni obìnrin náà," ló wí. "Muheez kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo lu AC ara mi."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Nàfísàt. Ìbéèrè oníṣẹ́ ni Muheez bi í.

"Níbo ló ti ń jò?"

"Iwájú. Síkúrù bọ́ọ̀dù mi ló lu kọ́ńdẹ́ńsà."

Ó mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo rò pé iwájú ni," ló wí, ó sì lọ jókòó lórí òkúta, ó ń gbọn sìmẹ́ńtì kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Sàmíát ń bẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún, ó ní kó padà wá sí ìdí igi fúrúùtù, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé mọ́tò wá. Muheez ní kó dìde nílẹ̀, kó má kúnlẹ̀ mọ́, òun ti gbọ́. Nàfísàt ni kò gbọ́. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò fi "mà" kún un mọ́.

"Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́ èyí?"

Sàmíát fi ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ lọ sọ fún wọn. Ibi tí ẹ ti ba orúkọ ọkọ mi jẹ́ ni kí ẹ ti lọ tún un ṣe. Ẹ̀bẹ̀ inú ilé ò wúlò fún wa."

Bí Sàmíát ṣe ti ibẹ̀ wakọ̀ dé iwájú géètì Ìbà, kò mọ̀. Oòrùn mú, èrò sì pọ̀ lójú títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ jáde nínú mọ́tò. Ó jáde, ó dúró sáàrin Ògúndáre àti Ìyá Dámilárá, ó gbé ohùn sókè bó ṣe gbé e sókè ní ọjọ́ yẹn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o! Muheez tí mo pè lólè níbí, kò jalè! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn!"

Àwọn kan dúró. Ìyá Dámilárá gbé ọwọ́ kúrò lára búrẹ́dì.

"Muheez wo? Muheez olè yẹn?"

"Kì í ṣe olè! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lu AC. Èmi ni!"

Wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá Dámilárá pòṣé ìyọ́nú, ó sún mọ́ Sàmíát, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ wá lọ bá a, àbí? Ẹ rí ìyà tó ń jẹ òun àti ìyàwó rẹ̀, àánú ṣe yín." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ wá wo obìnrin. Ẹni tó jà á lólè, ó tún fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ náà rù fún un."

"Kò jà mí lólè! Ìyá Dámilárá, ẹ gbọ́ mi, kò jí nǹkan kan! Òótọ́ ló búra!"

"Ó tó, ó tó." Ògúndáre ni, àgbàlagbà tó bá a sọ pé ó tó nígbà kìíní. "A mọ inú yín, Ìyá Oníkéèkì, ẹlẹ́yinjú àánú ni yín. Àmọ́ ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàṣọ àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Gbogbo wa la wà níbí tó fi Kùránì búra. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kú àbí kò kú? Ṣé ẹ̀yin ló máa wá mọ̀ ju Kùránì lọ ni?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Wọn ò sọ ohun tí a ó ṣe bí òtítọ́ bá dé tí kò rí àga jókòó. Sàmíát ṣí ẹnu, ẹnu tó mú ju ọ̀bẹ lọ, ó ń pariwo síkúrù, ó ń pariwo bọ́ọ̀dù, ó ń nawọ́ sí iwájú mọ́tò kí wọ́n wá wò ó. Bó ṣe ń pariwo tó lojú wọn ń rọ̀ sí i. Ẹnì kan ní kí Ọlọ́run san án fún un. Ẹlòmíràn ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nílùú yìí, gbogbo wọn sì ṣe àmín. Ògúndáre nu àpótí kan, ó gbé e síwájú rẹ̀ kó jókòó, nítorí ó rí i pé ohùn obìnrin rere náà ti ń há.